Ọ̀nà Là Á Wò Kí A Tó Ra Àtẹ̀gùn Ọkọ̀

 Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọdá Odò Ọya wá sí Onitsha, yálà ẹ gba orí afárá àtijọ́ tí wọ́n kọ́ parí ní 1965 tàbí èkejì tí wọ́n ṣí ní 2023, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwa tí à ń kọ abala yìí kò lè gbé mì. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa ni, àti àtẹ̀gùn tí a fẹ́ so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Gbogbo wa la mọ bí bọ́ọ̀sì náà ṣe dọ́wọ́ wa. Àwọn àgbà Yorùbá tó ń ṣòwò nílùú yìí dáwó, àwa náà tu tiwa jọ, a sì ra tọ́kúńbọ̀ kan tó ga nílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A yọ ìjókòó ẹ̀yìn, a tẹ́ pákó, a gbé fọ́ọ̀mù lé e, a sì wá àyè fún sítóòfù àti kẹ́ẹ̀gì omi, kí àwọn òṣèré wa lè máa sun inú rẹ̀ bí a bá lọ ṣeré lóde. Kì í ṣe nǹkan àjèjì nínú ìran wa. Kí wọ́n tó bí wa ni Hubert Ògúndé, tí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ròkè láti ọdún 1945, ti ń fi ọkọ̀ kó àwọn òṣèré rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ẹni tó bá ń ṣe alárìnjó kì í dúró de ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn yàrá fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn délẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn kan ní páìpù ńlá tó ń dán ni kí a rà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ọkọ̀ lè gbayì. Àwọn mìíràn ní pẹpẹ gbọọrọ ló dára, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn taya iwájú dé taya ẹ̀yìn. Àwọn ìyókù ní ọ̀dọ́ ni wá, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé fò wọlé, kí ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. A jókòó, a gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó dùn wá ni pé kò sẹ́nì kan tó dárúkọ ìyá wa.

Ẹ jẹ́ kí á rán ara wa létí. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, tí a lọ wo ihò àpáta Ogbunike, ìyá wa kan láàárín àwọn àgbà ìlú yìí bá wa lọ. Àwọn ló se oúnjẹ tí gbogbo wa jẹ lọ́jọ́ náà. Àtẹ̀gùn tó wà ní Ogbunike lé ní 300, ìyá wa sọ̀ ọ́, wọ́n sì tún gùn ún padà, wọ́n ń sinmi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá wa ṣàwàdà. Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ìgbà tí a padà dé Onitsha tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tiwa ni wàhálà dé. Wọ́n fi ọwọ́ kan ká ìró wọn mọ́ra, wọ́n na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ẹsẹ̀ kò bá ilẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n fi ro àmàlà fún wa láàárọ̀ ni wọ́n fi gbara lélẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà sì kán. Ìyá wa kò bínú sí wa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ojú máa tì wá.

Lẹ́yìn rẹ̀ la tó mú téèpù wọn ọkọ̀ náà. Láti ilẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ ń tẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn jẹ́ ìǹṣì 23. Àtẹ̀gùn ilé kì í sábà ju ìǹṣì 7 lọ. Ìyẹn ni pé à ń sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n gun àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàwọn tìró. Ẹni tó bá ní kí á máa fò, kí ó lọ ro ìró mọ́dìí, kí ó gbé ọmọ pọ̀n, kí ó wá fò kí á rí i.

Àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ford Model T tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927 ní pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ọkọ̀ ìgbà náà ga, ara rẹ̀ sì tín-ín-rín. Nígbà tí ọkọ̀ wá fẹ̀ tó sì sún mọ́ ilẹ̀, pẹpẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ẹ rí i pé gíga ọkọ̀ ló bí àtẹ̀gùn, kì í ṣe fáàrí. Nílé wa náà, àwọn òbí wa tó wọ bọ́lẹ̀kájà mọ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ wá ibi ìtẹ̀sẹ̀ lára ọkọ̀ onípákó. Àwọn ará Èkó sì mọ ohun tí à ń pè ní fúngbọ̀n, níbi tí àtẹ̀gùn mọ́lúè ti di ibùjókòó ẹni tí kò ní ìjókòó. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ kan láti fi wọlé, èèyàn mẹ́rin á so rọ̀ mọ́ ọn lórí eré.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa náà ní ọ̀nà là á wò kí a tó ra àtẹ̀gùn ọkọ̀. Níbo ni bọ́ọ̀sì yìí ń lọ? Ó ń lọ sí apá Agulu àti Nanka, níbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ di ọ̀gbun. Ó ń gba ọ̀nà Ogbaru, tí Odò Ọya ya bò ní 2012 tó sì tún ya bò ní 2022, tí ẹrẹ̀ sì máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Ó tún ń gba àárín ọjà Onitsha kọjá, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá àti bárò aláàárù ti ń fi ara ha ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú ọ̀nà yìí wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Páìpù tó ń dán lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rí roboto. Bí ẹrẹ̀ bá ti kàn án, ẹsẹ̀ á yọ̀ lórí rẹ̀, àfi bí ó bá ní ibi ìtẹ̀sẹ̀ pẹlẹbẹ tó rí wúruwùru lára. Ó sì máa ń ga jù: bí a bá so ó mọ́ ìdajì ìǹṣì 23, ó ṣì ku ìǹṣì 11 àti ààbọ̀ ní ìsàlẹ̀, ó ku bẹ́ẹ̀ náà lókè. Pẹpẹ gbọọrọ gba ẹsẹ̀ dáadáa, ó sì ń dá ẹrẹ̀ taya dúró kí ó má ta sí ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àárín taya iwájú àti tẹ̀yìn ni ilẹ̀ tó yọ gọngọ ti máa ń kan ọkọ̀ lábẹ́. Bí a bá gbé pẹpẹ rọ̀ síbẹ̀ títí ayé, gíga tí a torí rẹ̀ ra ọkọ̀ yìí ti dòfo. Irú kẹta wà, irin ńlá tí àwọn tó ń wakọ̀ lórí àpáta máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kí òkúta má baà bẹ́ ara ọkọ̀. Ó lágbára, ó sì wúwo. Ẹrẹ̀ àti àgbàrá ni ìṣòro tiwa, kì í ṣe àpáta. Kí ni a fẹ́ fi ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe?

Èrò tiwa ni pé kí á ṣe àtẹ̀gùn kíká, onípele méjì, tí a ń fi ọwọ́ fà jáde bí ọkọ̀ bá dúró, tí a sì ń ká padà sábẹ́ ọkọ̀ kí ó tó gbéra. Bí ìpele ìsàlẹ̀ bá fi ìǹṣì 8 ga sí ilẹ̀, tí èkejì fi ìǹṣì 8 ga sí i, ìǹṣì 7 ló kù láti wọlé. Ìyẹn ni ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ ìyá wa mọ̀. Bí a bá ká a, ilẹ̀ kò ní rí i kàn. Èyí tó ń fi iná ọkọ̀ ṣiṣẹ́ wà, tó ń jáde fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á dán an wò. Ẹrẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ kí ó kọ̀ láti jáde, tàbí kí ó jáde kí ó má wọlé mọ́. Èyí tí a ń fi ọwọ́ ká, omi la fi ń fọ̀ ọ́, gírísì la fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì yẹ kí á ṣe. Láti 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, ọ̀tún náà sì ni ilẹ̀kùn fífà bọ́ọ̀sì wa wà. Àtẹ̀gùn òsì yóò kàn máa sọ èèyàn sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ni. Kí á fi owó ẹ̀gbẹ́ kejì ṣe irin ìdìmú sínú ẹnu ilẹ̀kùn, èyí tó gùn débi tí ẹni tó dúró nílẹ̀ àti ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yóò ti rí i dì mú. Ká ní ìyá wa rí nǹkan dì mú lọ́jọ́ yẹn ni, bóyá ẹsẹ̀ ì bá yọ̀, ọwọ́ kì bá kán.

Ní ti síso, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó kéékèèké kan án mọ́ ara páànù ọkọ̀. Èèyàn méjì tó sanra lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, páànù yóò sì ya. Egungun ìdí ọkọ̀ ni kí á so ó mọ́, pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tù tó nípọn. Ibikíbi tí wọ́n bá lu, kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà lójú ẹsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ́ lójú ọ̀nà, gbogbo ajórin kọ́ ló lè jó o. Irin tí a kùn dáadáa, tí ojú rẹ̀ ní ihò kí ẹrẹ̀ máa jò kúrò, ni a fara mọ́. Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Nkwo Nnewi kò jìnnà sí wa, ajórin sì kún Onitsha. Kò yẹ kí á torí àtẹ̀gùn ránṣẹ́ sí òkè òkun.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní àtẹ̀gùn yóò sọ ọ̀dọ́ di agbérò tó ń so rọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ó jẹ́ kíká: ohun tí a ti ká sábẹ́ ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè dúró lé e lórí. Kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa wò ó kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí kò bá tíì ká a, kí awakọ̀ má ta jíà.

Ẹ̀yin ará wa, káràkátà ojú lásán kò ní gbé ẹgbẹ́ dé ibi kankan. Bí páìpù bá ń dán, fọ́tò ni yóò hàn nínú rẹ̀. Bí àtẹ̀gùn bá bá ẹsẹ̀ àgbà mu, ìdílé tó dáwó fún wa ni yóò máa bá wa rìn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ajórin bá parí iṣẹ́, kí á má ṣe jẹ́ kí ààrẹ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gùn ún, kí àwa tí à ń kọ̀wé náà má sì sáré síbẹ̀. Kí á lọ sílé ìyá wa, kí á dọ̀bálẹ̀, kí á kúnlẹ̀, kí á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá. Bí wọ́n bá gùn ún wọlé, tí wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dì wọ́n mú, owó wa kò ṣòfò. Bí wọ́n bá wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n mí kanlẹ̀, kí á tú u, kí á tún un ṣe.