Bí Òfin Owó Oṣù Bá Yí Padà, Ta Ni Yóò Sọ fún Ọ̀gá?

Àwọn baba wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo àwọn tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní ìlú Lomé ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ. Ẹni tó ní ilé búrẹ́dì ní Bè, ẹni tó ní ìsọ̀ aṣọ ní Assigamé, ẹni tó gba ọdẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Hédzranawoé, kò sí èyí tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ òfin owó oṣù kò kan òun.

Ìyá oníṣòwò kan nínú àwùjọ wa tọ̀ wá wá ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ 2023. Inú ń bí i. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá òun ru ìdì aṣọ ń gba 35,000 fáránkì CFA lóṣù, àti pé oṣù kì í pé ọjọ́ mẹ́ta kí òun tó san án. Àfi bí ọmọ náà ṣe dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ní: “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, wọ́n ní òfin ti sọ ọ́ di 52,500 láti oṣù Ṣẹ́rẹ́.” Ìyá rò pé àwọn ọ̀rẹ́ burúkú ló kọ́ ọ lọ́rọ̀.

A jọ wo ìwé òfin, ọmọ náà ló sì jàre. Ìyàtọ̀ oṣù kan jẹ́ 17,500 fáránkì; ti oṣù 12 jẹ́ 210,000. Ìyá ti fi owó náà ra ọjà, ọmọ sì ti fi àìrí i jẹ gbèsè owó ilé. Kò sí olè nínú àwọn méjèèjì. Àìgbọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àìgbọ́ kì í ṣe àwíjàre níwájú òfin.

Owó tó kéré jù lọ tí a lè san fún òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí SMIG, kì í ṣe ohun àná. Faransé dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀ ní 1950. Òfin iṣẹ́ fún àwọn ilẹ̀ òkè òkun, tó jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀pẹ 1952, sì mú irú ètò bẹ́ẹ̀ dé Tógò. Ìyàtọ̀ kan wà síbẹ̀. Ní Faransé lónìí, ọjọ́ kìíní ọdún kò ní dé kí wọ́n má tún owó náà wò. Ní tiwa, a ń dúró di ìgbà tí ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá jókòó tí wọ́n sì fẹnu kò. Ní 2012 ni ó di 35,000. Ọdún 11 ni ó fi wà lójú kan kí ó tó fi ìdajì ara rẹ̀ lé sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023. Ohun tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan, ènìyàn a máa rò pé àpáta ni, kò lè ṣí nípò mọ́.

Ohun mìíràn tí ń da àwa ọmọ Yorùbá láàmú ni pé ilẹ̀ mẹ́ta ni ẹbí wa fọ́n ká sí, ìròyìn mẹ́ta ni a sì ń gbọ́ pọ̀. Ní Benin, SMIG kúrò ní 40,000, ó di 52,000, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 kan náà. Ní Nàìjíríà, 30,000 náírà di 70,000 ní 2024, wọ́n sì pinnu pé ọdún mẹ́tamẹ́ta ni àwọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ti Nàìjíríà tún yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. A ti gbọ́ ẹni tó ní nítorí náà, ìsọ̀ kékeré kò sí lábẹ́ òfin ní Lomé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣèdájọ́ iṣẹ́. Ti Èkó kò kọjá ààlà wá bá wa.

Kí wá ni agbanisíṣẹ́ yóò ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó mọ ibi tí òdodo ti ń jáde. Ìròyìn rédíò àti ọ̀rọ̀ WhatsApp lè ta wá lólobó, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ìjọba bá tẹ̀ sínú Journal officiel ni a fi ń ṣírò owó. Ẹni tí kò bá yé lè lọ bi wọ́n ní ilé iṣẹ́ Inspection du travail. Wọn kò wà fún kìkì ìjà. Ìwé òfin iṣẹ́ tó wà lóde báyìí ni ti ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù 2021, ó sì yẹ kí ó wà nílé ẹnikẹ́ni tó bá ní òṣìṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí a yan ọjọ́ tí a ó máa wádìí. Oṣù Ọ̀pẹ dára, nítorí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni àyípadà ti 2023 bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn, ó sàn kí a kọ “SMIG en vigueur” mọ́ iye owó náà, kí ìwé má bàa di àtijọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí a sì rántí CNSS: ìdá 4 nínú 100 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, 17.5 láti ọwọ́ ọ̀gá. Lórí 52,500, ti òṣìṣẹ́ jẹ́ 2,100, ti ọ̀gá sì lé ní 9,000. Bí owó oṣù bá ga, èyí náà yóò ga, àti pé láti 2024 ni ètò ìlera AMU ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó bá ń fi díẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù kò ní ta ọjà ní àdánù nígbà tí àṣẹ bá jáde.

Ní ti ìyá wa, ó pe ọmọ náà jókòó, wọ́n sì ṣe àdéhùn sínú ìwé: 21,000 lé owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá, títí 210,000 yóò fi pé. Ọmọ náà ṣì ń bá a ru aṣọ títí di òní. Ó sọ fún wa pé ohun tó dun òun jù ni pé ọdún kan gbáko ni ọmọ náà fi mọ̀, tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó lè sọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ní òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Ẹ wádìí kí wọ́n tó bi yín. Ọlọ́run yóò bùkún ọjà gbogbo wa.