Ojo Ni Wọ́n Ń Pè Mí Nídìí Póókà

Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní ojo nídìí póókà. Wọ́n ní káàdì tí mò ń jù sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mò ń ta lọ. Òótọ́ ni, n kò sì ní tọrọ àforíjì.

Hóró àgbàdo la fi ń ta á, kí ẹ̀yin òbí fọkàn balẹ̀. Káàdì méjì ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, oníkálukú á sì pinnu bóyá òun á ta á tàbí òun á jù ú sílẹ̀. Nínú páálí káàdì 52, ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì lè gbà so pọ̀. Bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá ń ta kìkì ìbejì láti orí 10 dé éèsì, pẹ̀lú éèsì òun kíǹgì, 46 péré ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 29 nìyẹn. Ó ń sú ni, mo gbà.

Ṣé kí n wá máa ta ohunkóhun ni? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, torí wọ́n rí ọ̀gá kan lórí tẹlifíṣọ̀n tó fi 7 òun 5 kó gbogbo owó orí tábìlì. Àwọn tó ṣe ètò náà ti gé àìmọye ìgbà tí ọ̀gá ju káàdì sílẹ̀ kúrò. Ta ni yóò jókòó wo ìyẹn?

N kò ní kí á dúró sórí 46 títí ayé. Kí á fi kún un, àmọ́ láti ìjókòó ẹ̀yìn. Bí a bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹni tó kọ́kọ́ ta ní ènìyàn mẹ́jọ lẹ́yìn tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Bó bá fi éèsì òun 6 wọlé, tí ẹnì kan sì di éèsì òun kíǹgì mú, éèsì tó bá já sórí tábìlì ni yóò tàn án pa. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ti jù ú sílẹ̀ kó tó kan ẹni tó ń pín káàdì, ènìyàn méjì péré ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fi éèsì òun 6 kún tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ta á kí n tó fi òmíràn kún un, torí bí mo bá kó mẹ́wàá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó ń kó àgbàdo mi lọ?

Ẹ̀gbọ́n mi kan kò ní sùúrù yìí. Orí fóònù ló ti ń ta, owó gidi sì ni. Ó jẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbogbo ohun tí wọ́n bá fún un, níbi yòówù kó jókòó sí. Owó ìdánwò rẹ̀ bá a lọ. Ìyá mi ní káàdì ló jẹ owó náà. Èmi ní jíjẹ ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní ojo, ẹ kó àgbàdo yín wá lọ́jọ́ Ẹtì, ká kà á.