Ìyá tí kò kàwé náà lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò lákòókò ìsinmi

Àwọn iléèwé ti wọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Láti ìsinsìnyí títí di oṣù Kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Kétu, Ṣábẹ̀, Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ kò ní fọwọ́ kan ìwé ìṣirò mọ́. Òbí tó rí owó san ń fi ọmọ sí ẹ̀kọ́ ìsinmi. Èyí tí kò rí san a máa sọ pé: "Èmi tí mi ò lọ iléèwé, kí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò fara mọ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà, ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń roko, ìṣirò wà lọ́wọ́ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlú Recife ní ilẹ̀ Bràsíl. Ní ọdún 1985, àwọn olùwádìí kan níbẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ọmọ márùn-ún tó ń tajà. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe bí oníbàárà, wọ́n ń bi àwọn ọmọ náà ní iye owó ọjà àti iye tí wọn yóò dá padà. Nínú ìbéèrè 100, bí 98 ni àwọn ọmọ náà gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún wọn ní irú ìṣirò kan náà láìdárúkọ ọjà kankan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní iléèwé. Bí 37 péré nínú 100 ni wọ́n gbà. Ọmọ ọdún 12 kan wà láàárín wọn tó ń ta àgbọn ní 35 ẹyọ kan. Lọ́jà, ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, ó fi 35 lé e, ó ní mẹ́rin jẹ́ 140. Nígbà tí wọ́n ní kó ṣe 35 lọ́nà mẹ́rin lórí ìwé, ó kọ 200.

Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Ohun tó mọ̀ lọ́jà àti ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ní iléèwé ni kò tíì pàdé ara wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, a sì ń na àwọn mìíràn nítorí èsì ìdánwò. Àsìkò ìsinmi yìí ló yẹ ká fi mú kí méjèèjì pàdé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ. Bí oníbàárà bá ra ọjà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 350 sẹ́fà, tó sì mú 2000 wá, ẹ má tètè dáhùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe é. Ọjà mẹ́ta jẹ́ 1050. Kó fi 50 lé e, ó di 1100. Kó fi 400 lé e, ó di 1500. Kó fi 500 lé e, ó di 2000. Owó tó máa dá padà jẹ́ 950. Bó bá ṣì í, ẹ ní kó tún un kà. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú oníbàárà.

Ní ìlú tí wọ́n ń ná ọjà ọrọọrún, ẹ bi í pé: "Bí ọjà bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé lónìí, ọjọ́ wo ni òmíràn?" Yóò kà á, yóò bá Ọjọ́ Ẹtì. Kó máa kà á lọ títí ọjà yóò fi tún bọ́ sí Ọjọ́ Ajé. Yóò rí i pé ọjọ́ 28 ni, nítorí mẹ́rin lọ́nà méje ni.

Ayò náà ńkọ́? Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ilé sílẹ̀, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Kí ọmọ tó kó ayò, ẹ bi í pé: "Ilé wo ni èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí?" Ọmọ tó bá ń fi ọkàn ka ìyẹn lójoojúmọ́ kò ní máa fi ìka ro ìṣirò.

Èdè wa pàápàá ń ṣírò. Aárùndínláàádọ́ta ni 45: àádọ́ta tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Ẹ ní kí ọmọ tú orúkọ nọ́ńbà mélòó kan báyìí. Yóò rí i pé ọgọ́rin tiwa àti quatre-vingts tí wọ́n ń kọ́ ọ ní iléèwé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé ibẹ̀: ogún lọ́nà mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi bojú láti ran ọmọ ní ìpolówó kiri láti àárọ̀ di alẹ́. Ọmọ tó gbé igbá lé orí ká títì nínú oòrùn, tí kò sí àgbà tó ń bi í ní ìbéèrè, àárẹ̀ ló máa kó bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ yín ni kó jókòó sí, kó sì ráyè sinmi, kó ráyè ṣeré. Kí ẹ má sì fi owó kíkà sílẹ̀ fún ọmọkùnrin nìkan, kí ọmọbìnrin wá máa gbálẹ̀ àtẹ.

Ó ku ohun kan tí àwọn ọmọ Recife kọ́ wa. Lórí ìwé ni wọ́n máa ti ṣe ìdánwò CEP, kì í ṣe lórí àtẹ. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ṣú, kí ọmọ kọ ìṣirò méjì tàbí mẹ́ta nínú èyí tó ṣe lọ́jà sílẹ̀. Bí ìwé bá tán, ẹ̀yìn páálí tàbí sílétì tó. Ìyá tí kò lè ka ohun tó kọ ṣáà mọ̀ bóyá 950 ni owó tó dá padà ní ọ̀sán. Kó ní kí ọmọ kà á sókè. Bí èyí tó kọ kò bá bá èyí tó ṣe lọ́jà mu, ọmọ fúnra rẹ̀ yóò wá ibi tó ti ṣì í.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìdajì wákàtí lójúmọ́ tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjà tó ń bọ̀.