Ta Ni Yóò Ti Ọwọ́ Bọ Akèrègbè?

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè." Ìdajì òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń pa fún ọmọ yunifásítì tó bá dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Wọn á ní ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó pẹpẹ, kó lọ jókòó ti ìwé rẹ̀. Akèrègbè wá ńkọ́? Èmi ń wí pé ìjà akẹ́kọ̀ọ́ kì í yọrí àfi bí ọwọ́ méjèèjì bá pàdé, wọn kì í sì í pàdé lẹ́nu géètì yunifásítì. Àdúgbò ni wọ́n ti ń pàdé: Ìkòtún, Ìgándò, Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ń jí wọ dáńfó lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó LASU. 25,000 náírà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san tẹ́lẹ̀. Ní 2011, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá sọ ọ́ di 193,750 sí 348,750 náírà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, bí ẹ̀kọ́ tí kálukú fẹ́ kọ́ bá ṣe rí. Ọdún yẹn náà ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù di 18,000 náírà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń gba iye yẹn, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò sanwó ilé, yóò kó owó oṣù mẹ́wàá lé díẹ̀ sílẹ̀ kó tó san èyí tó rọjú jù. Iye àwọn tó ń wọlé já wálẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá. Ní 2014 ìjọba dín owó náà kù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ò gbà, ó sì padà sí 25,000 lọ́dún náà. Àwọn ènìyàn ní aluta, ìjà akẹ́kọ̀ọ́, ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe aluta nìkan. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta, ó ti dé ọ̀dọ̀ onídáńfó, ó ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tọ́mọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe JAMB. Ìdìbò 2015 sì ń kanlẹ̀kùn. Nínú ìkànìyàn 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòtún, Ìgándò àti Ẹ̀gbẹ́dá wà. Olóṣèlú wo ni yóò fẹ́ kí irú ibẹ̀ máa bínú sí òun?

Ní oṣù Kẹrin 1978 ńkọ́? Ológun ló ń ṣèjọba, ìbò kò sí nílẹ̀. Owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ fò láti kọ́bọ̀ 50 sí náírà kan àti ààbọ̀ lójúmọ́, Ṣẹ́gun Òkéowó, ààrẹ NUNS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè, sì kó wọn jáde. "Ali Must Go" ni wọ́n ń ké, torí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjó ní Yunifásítì Èkó, wọ́n lé Òkéowó, wọ́n fòfin de NUNS. Ìgboyà wọn kò láfiwé. Ṣùgbọ́n ológun kò wá ìbò ìyá ẹnikẹ́ni.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti mọ ọ̀nà tí ọwọ́ méjèèjì fi ń pàdé tipẹ́, l'Ábẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni tirẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà ni wọ́n gbọ́ nípa ìrẹsì tí wọ́n ń fipá gbà lọ́wọ́ wọn àti owó orí tó ń fún wọn lọ́rùn. Ta wá ni olùkọ́ níbẹ̀? Àwọn obìnrin náà jà, nígbà tó sì di 1949, Aláké Adémọ́lá, ọba wọn, fi orí oyè sílẹ̀.

Ẹnìkan á ní ṣebí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní náà ló ń gba àpò ìwé tí owó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ olóṣèlú, tí ẹlòmíràn ń jẹ́ aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ títí irun àgbọ̀n rẹ̀ fi ń funfun. Mi ò jiyàn. Ẹni tí géètì nìkan mọ̀ kò ṣòro rà. Ẹni tí gbogbo ìsọ̀ tó yí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ká mọ̀ láti kékeré, wọn á bi í léèrè ibi tó ti rí bàtà tuntun.

Ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo aláṣẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi í pé ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ n'Ìkòtún, ẹ ó rí i bó ṣe máa họrí. Bẹ́ẹ̀, ìyá tó ń ta tòmátì lẹ́bàá ráńdábáòtù ń gba tíkẹ́ẹ̀tì tí kò lè kà lójoojúmọ́. Kò mọ èwo ni ti káńsù, èwo ni ti agbèrò. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́jọ yanṣẹ́ lódì ní 2022, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyanṣẹ́lódì náà kàn, tí wọ́n lè kà á fún un, jókòó sílé, wọ́n ń tẹ fóònù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjà Èkó kì í tètè ṣí, torí ìmọ́tótó. Bí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán, àwọn ìyá á fẹ̀yìn ti ìsọ̀ tó wà ní títì, wọn á máa retí aago mẹ́wàá, láìsí ẹni tó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì náà fún wọn.