Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Awakọ̀ Ore àti Odigbo Lórí Owó Ẹ̀rọ Ààbò Inú Mọ́tò

Sí Ọlọ́lá, Aṣojú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, ẹkùn Ilé-Olújì, Òkè-Igbó àti Odigbo; àti nípasẹ̀ yín, sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ará ìlú nínú Ilé náà.

Láti ọ̀dọ̀ àwa awakọ̀ akérò tí a ń ná ọ̀nà Ore sí Èkó, Ore sí Bìní, Ore sí Oǹdó àti Ore sí Okitipupa.

Ọlọ́lá,

Àwọn tó jù yín lọ lọ́jọ́ orí wà nínú wa, ṣùgbọ́n ipò là ń bọ̀wọ̀ fún. Gbogbo wa la dọ̀bálẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. A fẹ́ kí owó ẹ̀rọ ààbò inú mọ́tò máa wá láti ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀, tàbí láti ọwọ́ ẹni tó ni mọ́tò. Bó ṣe wà lónìí, ẹni tí kò ṣẹ̀, tí kò sì ní mọ́tò, òun ló ń san án.

Ní 1 October 2016, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mélòó kan, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí mọ́tò akérò ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù, ìyẹn speed limiter. A kò bá àjọ jà nítorí èyí. A mọ ohun tí eré àsápajúdé ń ṣe lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní. Bí mọ́tò bá dànù, àwa la sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, àwa là ń fa èèyàn yọ lábẹ́ irin kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé. Iye owó rẹ̀ ló ká wa lára. Nǹkan bíi ₦35,000 ni wọ́n ń ta á nígbà náà, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦18,000. Ẹni tó ń gba owó oṣù yẹn ní láti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù méjì láìná kọ́bọ̀ kó tó lè ra ẹyọ kan.

Ta ló wá san án? Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ ló ni mọ́tò tí à ń wà. Ọlọ́kọ̀ ń retí owó tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yálà èrò wọ mọ́tò tàbí wọn kò wọ̀ ọ́. Epo ń bẹ níbẹ̀, owó gáréèjì ń bẹ níbẹ̀, kọ̀ndọ́ náà fẹ́ jẹun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí dé, èsì tí púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́kọ̀ fún wa ni pé, “Ìwọ lo máa pàdé wọn lójú ọ̀nà, èmi kọ́.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe yáwó, tí a dá èsúsú, tí a ra ẹ̀rọ sínú mọ́tò olówó.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọ̀kan nínú wa tó ń wa Sienna. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́, ike dúdú kékeré kan pẹ̀lú wáyà tí wọ́n fi téèpù wé. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóró. Bó bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó, tó tẹ iná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, mọ́tò kò ní í lọ, bẹ́ẹ̀ mọ́tò mìíràn ti ń bọ̀ níwájú. Ríwáyà tú u wò, ó ní ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́. Ó padà lọ síbi tó ti rà á, àwọn tó tà á fún un ti kó kúrò níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tó ti fi ọ̀rá bò, ṣì wà nínú mọ́tò títí di òní. Ìwé ẹ̀rí kì í dín eré kù, nítorí náà ó tún ra òmíràn. Ọkùnrin yìí kì í fẹnu kan ọtí. Ọmọ ìjọ tí kì í mu ún ni, gbogbo gáréèjì ló sì mọ̀.

Ọlọ́lá, ẹ wá wo apá kejì. Nínú ìwé ẹ̀sùn tí àjọ ń já fún awakọ̀, ẹni tó kó ẹrù ju bó ṣe yẹ lọ máa san ₦10,000. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó mutí tàbí lo oògùn olóró wakọ̀, ₦5,000 ni tirẹ̀. Ẹni tó mutí yó, tó kó èrò méjìdínlógún sẹ́yìn, ìdajì owó ẹni tó di àpò gààrí lé orí mọ́tò ló máa san. Ẹni tí kò mutí rárá sì ti san ìlọ́po méje owó ọ̀mùtí sórí speed limiter kó tó kúrò ní gáréèjì. Àwọn baba wa ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ní ọ̀nà tiwa yìí, ìka tí kò ṣẹ̀ ni ọ̀bẹ ń bá.

A kò ní purọ́ fún yín pé ọtí kò sí láàárín wa. Bí ẹ bá dé gáréèjì Ore kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó rí àwọn tó ń ta paraga: ìgò tó tò sórí bẹ́ǹṣì, egbò igi nínú ògógóró, ife kékeré kan tó ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Wọ́n á ní oògùn ẹ̀yìn dídùn ni, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tó jókòó sídìí sítíárì láti ìdájí títí di alẹ́, ẹ̀yìn ń dùn ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà kò fẹ́ kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kọjá ìdajì gíráàmù nínú lítà kan, ife yẹn bí méjì bí mẹ́ta sì lè mú un kọjá bẹ́ẹ̀. Ti ọtí inú ọ̀rá ńkọ́? NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò lọ́jà ní February 2024, kò pẹ́ tí ìjọba tún fún àwọn tó ń ṣe é láyè títí di ìparí 2025. Wọ́n ṣàánú ilé iṣẹ́ ọtí. Àwa náà ń bẹ̀bẹ̀ fún àánú.

Ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ òkèèrè tó mọ ẹni tó yẹ kó dá lẹ́kun. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́ èémí sínú rẹ̀ kó tó lè sítáàtì mọ́tò. Bó bá gbóòórùn ọtí, mọ́tò kò ní dìde. Bí ó bá ti ń lọ lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ náà tún lè ní kó fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ California ṣòfin rẹ̀ ní 1986. Láti 2005 ni New Mexico ti ń fi í sínú mọ́tò gbogbo ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó mutí wakọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń san án: nǹkan bíi dọ́là 70 sí 150 láti so ó mọ́ mọ́tò, àti dọ́là 60 sí 80 lóṣooṣù. Nítorí pé owó yẹn lè fọ́ ilé tálákà, New Mexico ní àpò owó tí wọ́n fi ń ran aláìní lọ́wọ́, California sì ń wo ohun tó ń wọlé fún èèyàn. Ẹni tó tálákà jù lè san ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ní ilẹ̀ Faransé, láti September 2015, gbogbo bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò rin ìrìnàjò gbọ́dọ̀ ní in, ọrùn ilé iṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì gbé e lé. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ṣe é: bó bá jẹ́ ìyà, ẹlẹ́ṣẹ̀ ló gbé e, bó bá jẹ́ ti gbogbo mọ́tò, ọlọ́kọ̀ ló rà á.

A mọ̀ pé ẹ̀rọ nìkan kò tó. Kọ̀ndọ́ lè bá ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ èémí sínú rẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń fọ ẹnu, tó bá ní ọtí nínú, lè mú kó fẹ̀sùn èké kan èèyàn. Ó sì ní láti máa padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un yẹ̀ wò lóṣù kan tàbí méjì. Ta ni yóò máa ṣe ìyẹn ní Ore?

Nítorí náà la ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Ilé tún òfin wò, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ọlọ́kọ̀ ni yóò máa ra speed limiter àti ẹ̀rọ yòówù tí ìjọba bá fi dandan lé mọ́tò akérò, kó má sì yọ owó rẹ̀ lára awakọ̀. Kí ẹni tó bá ti rà á, tó ní rìsíìtì, má ṣe tún ra òmíràn láìjẹ́ pé ẹni tó tà á dáhùn fún èyí tó bàjẹ́. Kí ìtanràn ẹni tó mutí wakọ̀ pọ̀ ju ti ẹlẹ́rù lọ. Bí ìjọba bá sì fẹ́ mú ẹ̀rọ èémí yìí wọ Nàìjíríà, kí ó jẹ́ ti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, kí iye rẹ̀ bá agbára onítọ̀hún mu, kí ibi tí wọ́n ti ń tún un yẹ̀ wò sì wà ní Ore. Ti paraga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n kó o kúrò nínú gáréèjì, kí wọ́n sì wá ibòmíràn fún àwọn ìyá tó ń tà á, nítorí wọ́n ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́.

Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ rí wa, a ti ṣetán láti wá sí Àbújá, tàbí kí a pàdé yín ní ọ́fíìsì yín nílé. A ó kó rìsíìtì wa dání, a ó sì mú ẹ̀rọ tó bàjẹ́ náà wá.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,

Akọ̀wé,
fún àwọn awakọ̀ akérò Ore àti Odigbo.