Ẹ Má Fa Irun Wa Tu Mọ́

Ìgò òróró mẹ́ta ni màmá mi tò sórí tábìlì nílé wa ní Ìpàrà. Íńdíà ni gbogbo wọn ti wá, àwòrán ewé sì wà lára wọn. Oṣù mẹ́sàn-án ni a ti ń fi wọ́n pa ẹ̀bátí mi méjèèjì, níbi tí irun ti re. Kò tíì hù.

N kò bá àwọn ará Íńdíà jà o. Ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Ayurveda ti pẹ́ láyé, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì níbẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde pé àdín àgbọn ń dín èròjà purotéènì tí irun ń pàdánù kù. (Ilé iṣẹ́ tó ń ta àdín àgbọn ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, kí n má purọ́.) Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ àdín àgbọn nílẹ̀ yìí? Ta ni kò mọ òrí? Irun tó gbẹ ni òróró ń tọ́jú. Èyí tí wọ́n fà tu, òróró kò rí tirẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin òbí, fífà ló ń tu irun wa. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún onídìrí pé, "Ẹ jẹ́ kó le dáadáa, kó lè pẹ́ lórí." Mo mọ ìdí rẹ̀: owó. Ẹ fẹ́ kí irun ẹ̀ẹ̀kan lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó sáàárín itan onídìrí kò lè pa ojú dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ròrẹ́ yọ sí mi létí irun. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀fọ́rí, wọ́n ní ẹkún mi ti pọ̀ jù. Bí a bá tún tú u, ẹ ó fi rilásà na èyí tó kù. Ẹ ka ara páálí rẹ̀: sodium hydroxide tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn ni sóódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ.

Bí a bá tètè jẹ́ kí ibi tó ń re sinmi, irun á hù padà. Bí fífà bá ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ihò irun á di àpá, irun kì í sì í hù lójú àpá.

Àwọn kan á ní àwọn ìyá wa àgbà náà di ṣùkú, wọn kò pá lórí. Àwọn mìíràn pá. Gèlè ló bò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má lé ọmọ tí irun rẹ̀ kò bá sítáì ọ̀sẹ̀ mu padà sílé. Ẹ jẹ́ kó gé e mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n fi òwú kó o fún un. Òwú ń na irun láìsí iná, láìsí sóódà, bí ẹni tó ń kó o kò bá ti fà á le.

Ní Sátidé ni àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń lọ dirun. Mo ti bẹ màmá mi pé bó bá ní ó ń dun òun, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un dì gbẹ̀rẹ́, bí kò tilẹ̀ lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Wọn kò tíì dá mi lóhùn.