Ẹ Pe Ẹlẹ́lùbọ́ Wá sí Kóòtù

Lọ́dún 2007, àjọ tó ń fún àwọn olùhùmọ̀ ní pátẹ́ǹtì, ẹ̀tọ́ àdáni lórí ìhùmọ̀ wọn, nílẹ̀ Yúróòpù gbà pé ilé-iṣẹ́ kan ní Netherlands ló hùmọ̀ ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣe ìyẹ̀fun tẹ́ẹ̀fù, ọkà tí àwọn ará Etiópíà ti ń jẹ láti ayébáyé. Kí ni ìhùmọ̀ ọ̀hún? Pé kí wọ́n má ṣe lọ ọkà náà ní kété tí wọ́n bá kórè rẹ̀, kí wọ́n fi í pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè dára fún yíyan. Ó di 2018 kí kóòtù The Hague tó wọ́gi lé pátẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ náà ní Netherlands, pé kò sí ìhùmọ̀ kankan níbẹ̀.

Láfún, èlùbọ́ ẹ̀gẹ́, ló rán èmi ọmọ Igbó-Ọrà níléèwé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún; bí ọyẹ́ bá mú, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ pé ó ti rọ̀ tó. A ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sá a sórí àpáta, ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?

Òfin pátẹ́ǹtì Nàìjíríà ti 1970 kò tiẹ̀ béèrè ìwé. Ó ní ohun tí aráyé ti mọ̀, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ohun tí wọ́n ń lò, níbikíbi, la ó fi díwọ̀n ìhùmọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ pátẹ́ǹtì sílẹ̀ kì í yẹ ìhùmọ̀ náà wò bóyá ó jẹ́ tuntun. Ewu pátẹ́ǹtì náà wà lọ́rùn ẹni tó gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fagi lé e, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni yóò gbà lọ, kó tó kan ti kòtẹ́milọ́rùn. Ẹlẹ́lùbọ́ wo ló lówó lọ́yà bẹ́ẹ̀?

N kò sọ pé gbogbo ohun tó jẹ mọ́ èlùbọ́ ló ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ẹni tó bá rí ọgbọ́n tí láfún yóò fi gbẹ nínú òjò oṣù kẹfà, tí kò ní bu, tí kò ní rùn, ẹ fún un ní pátẹ́ǹtì ọlọ́dún 20 rẹ̀. Ìyá mi ì bá kí i kú iṣẹ́. Àmọ́ ohun tí a bá ti rí tán, kíá ló ń rọrùn lójú adájọ́ àti lọ́yà. Obìnrin tí òjò ti ba láfún rẹ̀ jẹ́ rí ni kí wọ́n pè sí kóòtù n'Íbàdàn, kó sọ èyí tí wọ́n ti gbìyànjú ní Ìbàràpá wa tí kò bọ́ sí i, àti èyí tí ẹnikẹ́ni ò rò kàn rí.